Màmá mi ní àwọn ò ní bá mi lọ sí Delphi, mo sì ti sanwó sílẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tẹ̀mí
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Inú ló ń bí mi tí mo fi jókòó ti fóònù lóru yìí. Láti oṣù kẹta ni mo ti ń ṣètò ìrìn àjò èmi àti Màmá lọ sí Gíríìsì. Àwọn ọmọ yòókù ò dá kọ́bọ̀ sí i. Èmi ni mo sanwó, èmi ni mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́, èmi náà ni mo ra fìlà fẹ̀ǹfẹ̀ méjì nítorí oòrùn oṣù keje. Ọjọ́ kan ṣoṣo la ní ní Áténì, mo sì ti bá dírẹ́bà kan sọ ọ́ pé kó gbé wa lọ sí Delphi, kó gbé wa padà lọ́jọ́ náà. Mo ti san £150 sílẹ̀.

Alẹ́ àná ni mo fi fọ́tò ibẹ̀ han Màmá. Wọ́n wo àwọn òpó mẹ́fà tó dúró ní tẹ́ńpìlì Àpólò, wọ́n ní, "Ta ni wọ́n ń bọ níbẹ̀?" Mo ṣàlàyé obìnrin tí wọ́n ń pè ní Pythia fún wọn, tó máa ń jókòó lórí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí àwọn ọba ń ránṣẹ́ sí láti béèrè ohun tó ń bọ̀ kí wọ́n tó lọ sógun. Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n da ojú rẹ̀ dé sórí tábìlì. Wọ́n ní dìákónéèsì làwọn, àwọn ò ní fẹsẹ̀ ara àwọn rìn lọ sójúbọ. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí àbúrò mi ọkùnrin fi pè mí láti Houston pé mò ń fipá mú Màmá. Ẹni tí ò dá kọ́bọ̀! Ìyàwó rẹ̀ náà gba fóònù, ó ń ka Bíbélì sí mi létí.

Báwo ni kí n ṣe bá Màmá sọ ọ́ tí wọ́n á fi gbà?

Ọmọ Olúwa Croydon
Màmá ló jàre. Ẹ ò rí nǹkan míì wò ní gbogbo Gíríìsì àfi ibi tí wọ́n ti ń dífá?

Bàbá Ìbejì
Arábìnrin, ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin ni Theodosius olú-ọba Róòmù ti fòfin de ìbọ̀rìṣà wọn. Òkúta ló kù níbẹ̀. Ṣé gbogbo ẹni tó bá lọ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ló ń bọ Ọ̀ṣun?

Ọmọ Olúwa Croydon
Wọ́n ṣì ń bọ Ọ̀ṣun títí dòní, sà. Àpẹẹrẹ yín ò bá a mu.

Bàbá Ìbejì
Ó bá a mu dáadáa. Ẹni tó lọ wò ni mo sọ, mi ò sọ ẹni tó lọ bọ ọ́.

Àǹtí Peckham
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo ti dé Delphi. Bọ́ọ̀sì la wọ̀ láti Áténì. Nígbà tá a dé ìlú kan tó ń jẹ́ Arachova, tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè, mo bì sínú ọ̀rá. Èmi tí mi ò bì rí láti Ìbàdàn dé Èkó! Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé mùsíọ́mù wọn, mo rí ère bàbà awakọ̀ ẹṣin kan. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì àti irínwó ọdún, síbẹ̀ ìpéǹpéjú rẹ̀ ṣì wà, fínnífínní, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo dúró síwájú rẹ̀ títí ọkọ mi fi wá fà mí lọ́wọ́. Àmọ́ òkè ni gbogbo ibẹ̀ o. Láti ẹnu ọ̀nà dé tẹ́ńpìlì, òkè. Láti tẹ́ńpìlì dé gbàgede eré, òkè. Pápá ìsáré tún wà lókè pátápátá. Ọmọ ọdún mélòó ni Màmá?

Ìyá Tẹ̀mí
Ẹ ṣé, Àǹtí. Màmá pé 74. Ara wọn le. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ orúnkún fún wọn ní January, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn báyìí, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló ń lọ sọ́jà. Ọ̀rọ̀ orúnkún kọ́ ni mo bi yín, ọ̀rọ̀ ojúbọ ni.

Ìyá Àdùkẹ́
Háà! Orúnkún oṣù mélòó kan, lórí òkúta, nínú oòrùn July? Lọ́dún 2023, ooru yẹn pọ̀ débi pé wọ́n ń ti Acropolis, òkè tẹ́ńpìlì tó wà ní Áténì, pàápàá pa lọ́sàn-án. Ọmọ mi, ẹ má bínú o, kí Màmá tó sọ̀rọ̀ rárá ló yẹ kẹ́ ẹ ti rò ó.

Ọmọ Olúwa Croydon
Mo ti sọ ọ́. Ẹ má lọ.

Ẹ̀gbọ́n Luton
Àbúrò, aago mélòó lẹ máa kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì, aago mélòó lẹ sì gbọ́dọ̀ padà dé?

Ìyá Tẹ̀mí
A ò sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì, sà. Ọkọ̀ ojú omi la bá lọ. Á gúnlẹ̀ sí Piraeus, èbúté Áténì, láago méje àárọ̀, wọ́n ní kí gbogbo èrò ti wọlé padà kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Luton
Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ òrìṣà sílẹ̀ ná. Delphi tó nǹkan bíi kìlómítà 180 sí Áténì. Ó lè gba wákàtí mẹ́ta ní àlọ, mẹ́ta ní àbọ̀. Kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ tán, ó ti di aago mẹ́jọ. Tí táyà bá jò lójú ọ̀nà, ọkọ̀ á fi yín sílẹ̀. Ọkọ̀ kì í dúró de ẹni tó dá dírẹ́bà tirẹ̀ mú.

Ẹ gbé Màmá lọ sí Kọ́ríńtì. Nǹkan bíi kìlómítà 80 péré ni. Ẹ máa kọjá lórí ihò omi tí wọ́n gbẹ́ la ilẹ̀ já, tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà kọjá lọ́dún 1893. Ẹ ní kí dírẹ́bà dúró níbẹ̀, kí Màmá wo ìsàlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti fa Pọ́ọ̀lù lọ síwájú Gálíónì, gómìnà Róòmù, ṣì wà láàárín ọjà àtijọ́ ìlú náà, Bema ni wọ́n ń pè é. Ọdún kan àti oṣù mẹ́fà ni Pọ́ọ̀lù fi gbé ìlú yẹn, tí òun àti Ákúílà jọ ń pàgọ́ tà. Dìákónéèsì wo ni ò ní fẹ́ débẹ̀? Ilẹ̀ ibẹ̀ tún tẹ́jú ju ti Delphi lọ.

Bàbá Ìbejì
Ṣùgbọ́n tẹ́ńpìlì Àpólò wà ní Kọ́ríńtì náà o. Òpó méje ṣì dúró níbẹ̀.

Ìyá Àdùkẹ́
Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́.

Àǹtí Peckham
Tí orúnkún bá ń yọ wọ́n lẹ́nu, Áreópágù wà nínú Áténì gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Acropolis. Kí wọ́n má gun àpáta yẹn o, òkúta rẹ̀ ń yọ̀. Wọ́n kọ ìwàásù Pọ́ọ̀lù sára bàbà pẹlẹbẹ kan nísàlẹ̀ rẹ̀ ní èdè Gíríkì. Kí Màmá dúró síbẹ̀, kí wọ́n ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 17.

Ìyá Tẹ̀mí
Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ. Ọ̀rọ̀ yìí ò rọrùn fún mi, ẹ ò sì tíì mọ ìdí rẹ̀.

Bàbá wa ló ni Delphi. Olùkọ́ ìtàn ni wọ́n, wọ́n sì kú lọ́dún tó kọjá. Ìwé àkọsílẹ̀ wọn kan wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Wọ́n fi pẹ́ńsù ya òkè Parnassus, tí Delphi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sí i, wọ́n ya ọ̀nà tó ń lọ́ lọ sí tẹ́ńpìlì. Ìtàn Croesus ọba Lydia ni wọ́n máa ń sọ fún wa nígbà tí iná bá lọ. Ó ránṣẹ́ lọ sí Delphi láti béèrè bóyá kí òun bá àwọn ará Páṣíà jà. Wọ́n ní tó bá lọ, á pa ìjọba ńlá kan run. Bàbá á wá dákẹ́. A ó máa pariwo pé, "Ìjọba ta ni, Bàbá?" Wọn ò ní dáhùn títí a ó fi bẹ̀bẹ̀. Tirẹ̀ ni. Mo fẹ́ ka ojú ìwé yẹn sókè níbẹ̀. Mi ò tíì sọ fún Màmá.

Ẹ̀gbọ́n Luton
Olúwa á tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Àbúrò, Delphi ò ní sá lọ. Ẹ padà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, kẹ́ ẹ sùn síbẹ̀ mọ́jú, kí aago má máa lé yín. Ọjọ́ ti Màmá ni èyí.

Ìyá Àdùkẹ́
Ẹ sọ ti ìwé yẹn fún Màmá. Ọkọ wọn ni.

Ìyá Tẹ̀mí
Mo ti sọ ọ́ láàárọ̀ yìí. Màmá dákẹ́ títí, wọ́n wá ní, "Ṣé èyí tó ya òkè sí yẹn?" Wọ́n ní àwọn ni àwọn gbẹ́ pẹ́ńsù fún Bàbá lálẹ́ ọjọ́ tó ń yà á.

Dírẹ́bà ti gbà kó yí i sí Kọ́ríńtì, £150 náà ò sọnù. Màmá ní kí n ra Bíbélì onílẹ́tà gàdàgbà fún àwọn, kí n sì mú ìwé Bàbá dání, kí n ka ti ọba yẹn fún àwọn nínú mọ́tò. Wọ́n ní tí mo bá ti dé ibi tí Bàbá máa ń dákẹ́ sí, kí èmi náà dákẹ́.