Kí ni kí n fojú sí bí mo bá lọ kọ́ ìdáná lọ́dọ̀ Hilda Baci?

Alásè Kàbbà:
Òkun o, ẹ̀yin ará mi. Oúnjẹ ayẹyẹ ni mo ń sè ní Kàbbà, wọ́n sì máa ń pè mí dé Ìjùmú àti Yàgbà fún ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Hilda Baci dáná fún wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 ní Èkó, tí Guinness World Records, àwọn tí ń ṣàkọsílẹ̀ ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe tó bẹ́ẹ̀ rí, sì fọwọ́ sí i lẹ́yìn náà, ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn. Mo ń tọ́jú owó de ìgbà tí yóò tún kọ́ni lójúkojú, kí n lè wo ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé ìkòkò kékeré orí gáàsì ni wọ́n sábà máa ń lò níbi ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ igi ni èmi fi ń dáná, odidi àpò ìrẹsì ni mo sì máa ń sè lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ rí, kí ni kí n fojú sí?

Ìyá Ìsánlú:
Ọmọ mi, lọ. Mo ti jókòó rí níbi tí gbajúmọ̀ alásè kan ti dáná lójú wa ní Àbújá, n kò sì kábàámọ̀, àmọ́ ohun kan ṣì mí lọ́nà. Kí a tó dé ni wọ́n ti dín ìkòkò ata kan kalẹ̀. Nígbà tí alásè náà da ata tútù sínú òróró, kò pẹ́ tí ó fi gbé ìyẹn kúrò, tí ó sì gbé èyí tí ó ti jinná síwájú wa. Mo rò pé bí ó ṣe ń yá tó nìyẹn. Nígbà tí mo délé, mo da ìrẹsì sínú ata tí kò tíì jinná, kíkan rẹ̀ kò sì kúrò nínú oúnjẹ náà. Ó dùn mí gan-an, nítorí àlejò ni mo sè é fún. Nígbàkigbà tí ó bá pààrọ̀ ìkòkò, béèrè iye ìṣẹ́jú tí ti àkọ́kọ́ yóò lò lórí iná, àti bí ojú rẹ̀ yóò ṣe rí: ṣé òróró yóò ti léfòó, ṣé àwọ̀ ata yóò ti ṣú díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀gbẹ̀:
Àbúrò, òótọ́ ni Ìyá sọ. Ní ti odidi àpò, má ṣe sọ omi di ìlọ́po bí o ti sọ ìrẹsì. Ẹnu ìkòkò ni omi ń gbà bá ooru lọ, ẹnu ìkòkò kì í sì í fẹ̀ tó bí ìrẹsì inú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó, nítorí náà omi tí kóńgò kọ̀ọ̀kan nílò máa ń dín kù. Bí o bá bu omi bíi ti ìkòkò kékeré, ìsàlẹ̀ yóò ti di tùwó kí òkè tó jinná. Hilda Baci fúnra rẹ̀, nígbà tí ó se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí ó wọn kílò 8,780 ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìkòkò àkànṣe ni wọ́n rọ fún un, ọwọ́ púpọ̀ ló sì bá a rò ó. Nípa bí iṣẹ́ ṣe ń yí padà bí oúnjẹ bá pọ̀ ni kí o béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló lè dá ọ lóhùn.

Alásè Kàbbà:
Mo dúpẹ́, Ìyá. Mo dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kí ènìyàn tọ́ ọ wò kí ó tó jinná?

Ìyá Ìsánlú:
Ìgbà tí ó jinná ni wọ́n bù ú fún gbogbo wa. Ṣùgbọ́n obìnrin kan tọrọ ata náà nígbà tí ó ṣì wà lórí iná, wọ́n sì fún un ní ìdajì ṣíbí.