Ológbò mi kò jẹun, àsìkò abẹ́rẹ́ ínsúlínì sì ti tó

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Dókítà ẹranko ní ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe ológbò mi. Omi tó ń mu ni mo kọ́kọ́ kíyè sí: á mu, á tún mu, á máa tọ̀ ṣáá, ó ń jẹun dáadáa, síbẹ̀ ó ń rù. Ní báyìí, ó ń gba ínsúlínì, oògùn tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ní wákàtí 12 síra wọn. Abẹ́rẹ́ gan-an kò nira. Kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé mo gún òun.

Oúnjẹ ni wàhálà. Láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, á kàn gbóòórùn abọ́ rẹ̀, á yíjú kúrò. Bí mo bá gún un láìjẹun, ẹ̀rù ń bà mí kí ṣúgà ara rẹ̀ má lọ wálẹ̀ jù, kó máa gbọ̀n, tàbí kí gìrì mú un. Bí n kò bá gún un ńkọ́? Dókítà ní kí n pe àwọn kí n tó yí ohunkóhun padà, ṣùgbọ́n wọn kì í gbé fóònù ní kùtùkùtù. Kí ni ẹ̀yin ti bá dókítà tiyín ṣàdéhùn sílẹ̀ fún irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀?

Mo tún fẹ́ máa gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní etí rẹ̀ nílé láti fi wọn ṣúgà rẹ̀, torí ìpayà ilé ìwòsàn nìkan lè mú ṣúgà ológbò ròkè. Ṣé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà ènìyàn tó, àbí ti ẹranko ni kí n rà?

Ẹ̀gbọ́n mi kan (ajá tiwọn yóò máa gba abẹ́rẹ́ títí ayé ni) sọ pé ológbò mìíràn máa ń bọ́ lọ́wọ́ ínsúlínì. Ta ni tirẹ̀ ti bọ́ rí?