Ẹ gbà mí o: kí ni mo lè fi rọ́pò kábọ̀n lórí slip ring?

Ọmọ Ọdún Karùn-ún: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́bọ̀ ni defence project mi. Sẹ́ńsọ̀ wà lórí ṣáfútì, kábọ̀n tó ń fara kan slip ring (òrùka irin tó ń bá ṣáfútì yí) ló ń gbé òǹkà rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń yí, òǹkà á máa ta pọ́nún bí eéṣú. Wọ́n ní irin olómi dáa ju kábọ̀n lọ. Èwo ni kí n rà?

Rewire Mokola: KVA mélòó ni jẹnẹrétọ̀ náà? Fi sáńpépà tó kúnná nu slip ring, pààrọ̀ kábọ̀n àti sípíríǹgì. Ó parí.

Ìyá Sólà: Ta ló dárúkọ jẹnẹrétọ̀? Àbúrò, Galinstan ni kí o wá: gallium, indium àti tin tí wọ́n yọ́ pọ̀. Títí dé -19°C ló ń ṣàn. Má ra gallium nìkan, kò tó 30°C tó fi ń dì. AC yàrá defence yín á sọ ọ́ di òkúta.

Onílẹ́ẹ̀dì: Má dán an wò! Mo da gallium sínú ife àlùmíníọ̀mù tí mo ní kí wọ́n gbẹ́ fún mi. Ilẹ̀ mọ́, mo fi àtàǹpàkò tẹ etí ife, ó kán sí mi lọ́wọ́ bí ìpékeré. Owó oúnjẹ oṣù kan ló bá a lọ.

Ìyá Sólà: Àlùmíníọ̀mù kẹ̀? Kí lẹ ń retí? Sitéńlẹ́ẹ̀sì ni, tàbí bàbà tí wọ́n fi nickel bò. Bàbà lásán náà, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Bàbá Físíìsì: Mákúrì dà? Ní 1821, inú mákúrì ni Faraday ti jẹ́ kí wáyà máa yí po mágínẹ́ẹ̀tì.

Ìyá Sólà: Ẹ jọ̀ọ́ sà, oru mákúrì kì í rùn, ọpọlọ ló ń bà jẹ́.

Bàbá Físíìsì: Galinstan tìrẹ ńkọ́? Kí atẹ́gùn kàn án báyìí, ojú rẹ̀ á ti hun bí ẹ̀kọ gbígbóná tó ń tutù.

Rewire Mokola: Ẹni tó bá ń wá kábọ̀n, gbogbo sáìsì wà lọ́wọ́ mi o.

Dèjì Wáyà: So bátìrì kékeré mọ́ ṣáfútì, fi Bluetooth gbé òǹkà náà jáde. Kò sí kábọ̀n, kò sí irin olómi.

Ọmọ Ọdún Karùn-ún: Àlùmíníọ̀mù ni ṣáfútì mi o.

Ìyá Sólà: Ìwọ ọmọ yìí! Láti àárọ̀!

Ọmọ Ọdún Karùn-ún: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ra irin olómi tí wọ́n ń fi sórí CPU kọ̀ǹpútà, tó ní gallium nínú, ní Computer Village. Màá fi kútẹ́ẹ̀sì àǹtí mi kun ṣáfútì náà lẹ́ẹ̀mejì.

Onílẹ́ẹ̀dì: Ya fọ́tò rẹ̀ kó tó kán.