"Ibà koríko" àti "eruku òdòdó" yóò ṣi aláìsàn lọ́nà

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí ìwé ìlera tí à ń túmọ̀ fún àwọn Yorùbá tó ń gbé ní London máa pe àìsàn tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "hay fever" ní "ibà koríko", kí á sì pe ohun tó ń fà á, ìyẹn "pollen", ní "eruku òdòdó". Mi ò fara mọ́ ìkankan.

Gẹ̀ẹ́sì ló bí "ibà koríko", Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ sì ti ṣìnà látilẹ̀. Lẹ́yìn tí dókítà John Bostock ṣàpèjúwe àìsàn náà ní 1819, koríko gbígbẹ ni àwọn èèyàn dá lẹ́bi. Ní 1873 ni Charles Blackley, dókítà ní Manchester, fi hàn pé ohun tí koríko ń tú sáfẹ́fẹ́ ni. Ara kì í gbóná níbẹ̀: imú ń ṣomi, ojú ń yún, èèyàn ń sín léraléra. Bí a bá kọ "ibà", oògùn ibà ni ọ̀pọ̀ yóò wá lọ. Ṣebí a máa ń sọ pé "edé máa ń hun mí"? "Ẹ̀hun" (allergy) ti wà níbẹ̀, òun ni kí á lò.

"Òdòdó" gan-an ló burú jù. Òdòdó aláràbarà tí kòkòrò ń bà lé, ìyẹ̀ rẹ̀ (pollen) wúwo, ó ń lẹ̀, kì í sábà fò jìnnà. Igi tí atẹ́gùn ń gbé tiwọn kiri ló ń dá wàhálà sílẹ̀ ní ìgboro: birch láti ìparí March, London plane ní April sí May. Òdòdó wọn kò jọ òdòdó lójú ẹni tó ń kọjá. Koríko, tó ń hun èèyàn jù ní Britain, ń tẹ̀ lé wọn láti àárín May dé July. Ẹni tó bá ka "eruku òdòdó" yóò sá fún róòsì, yóò sì lọ jókòó sábẹ́ birch. "Eruku" náà kò tọ́, torí eruku ilé ní ẹ̀hun tirẹ̀ tó lè ṣeni yípo ọdún.

"Ìyẹ̀ akọ" ni kí á lò. Ẹni tó mọ akọ ìbẹ́pẹ, tó sì ti rí ohun tó ń gbọ̀n sílẹ̀ lórí àgbàdo, yóò yé e. Àmọ́ kí á má sọ ọ́ di "ìyẹ̀ akọ igi", torí igi birch kan ṣoṣo ló ń so òdòdó akọ àti abo pọ̀.

Irun wínníwínní ara ewé àti èso igi London plane yàtọ̀ sí ìyẹ̀ akọ. Bíi wèrèpè, kò mọ ẹni tí ara rẹ̀ kọ nǹkan yàtọ̀ sí ẹni tí ara rẹ̀ gbà á. Ó lè yún ẹnikẹ́ni lọ́fun. "Ìyúnni" ni kí á kọ síbẹ̀, kí á sì fi kún un pé kí ẹni tó ń gé ẹ̀ka rẹ̀ bo imú àti ojú.