Fọ́tò mi mọ́lẹ̀ dáadáa àmọ́ kò dùn ún wò, kí ló kù?

AyaFótòTuntun
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fọ́tò yíyà ni, fóònù ni mò ń lò. Fọ́tò mi kì í ṣú, kì í rí bàìbàì, àmọ́ tí mo bá yà á tán tí mo wò ó, gbogbo nǹkan á kàn kún inú ẹ̀ ṣáá, ojú ò ní mọ ibi tó máa bà lé. Mo ti gbọ́ nípa ìdá mẹ́ta yẹn, pé kéèyàn fojú inú pín fọ́tò sí mẹ́ta ní ìbú àti ní òòró, kó wá gbé ohun tó ń yà sórí ìlà tó pín in dípò àárín, mò ń gbé èèyàn sí ẹ̀gbẹ́ kan, síbẹ̀ kò yàtọ̀. Ṣé kí n lọ ra kámẹ́rà gidi ni? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ̀.

OjúInú
Má tíì ra nǹkan kan o àbúrò. Kámẹ́rà olówó gọbọi ò lè bá ẹ yan ohun tó yẹ kó wà nínú fọ́tò. Kó o tó tẹ̀ ẹ́, bi ara ẹ pé kí gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n rí. Tó bá jẹ́ ẹ̀rín ìyá àgbà ló wù ẹ́, kí ni àga àti bàtà tó wà nílẹ̀ ń wá níbẹ̀? Fẹsẹ̀ rìn sún mọ́ wọn. Robert Capa tó máa ń ya fọ́tò ogun ló sọ ọ́ pé tí fọ́tò ẹ ò bá dáa tó, a jẹ́ pé o ò sún mọ́ ọn tó.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, fi ojú yí etí fọ́tò náà po kó o tó yà á, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó o rí ike tó yọ orí, ọwọ́ ẹlòmíì tó gé sí méjì, òpó iná tó dà bíi pé àtàrí èèyàn ló ti hù jáde. Ìṣísẹ̀ kan péré sí òsì tàbí ọ̀tún, òpó yẹn á ti lọ.

Ìmọ́lẹ̀Àárọ̀
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ torí pé fóònù lò ń lò kí n fi díẹ̀ kún un. Lẹ́ǹsì ọ̀pọ̀ fóònù fẹ̀ gan-an, ìyẹn ni pé ibi tó pọ̀ ló ń kó sínú fọ́tò lẹ́ẹ̀kan, bíi 24 sí 28mm tá a bá fi wé ti kámẹ́rà ńlá (bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré tó ni ibi tó ń kó ṣe ń fẹ̀ tó), tó o bá wá gbé e lọ síwájú imú èèyàn, imú á tóbi, etí á sá sẹ́yìn, onítọ̀hún á ní òun kọ́ nìyí. Tó bá jẹ́ ojú nìkan lo fẹ́, fà sẹ́yìn díẹ̀ kó o tẹ 2x, ìyẹn bọ́tìnì tó ń mú kí nǹkan tóbi ní ìlọ́po méjì, tí fóònù ẹ bá ní in.

Ìdá mẹ́ta yẹn, má jẹ́ kó dè ẹ́ lọ́wọ́. Ọdún 1797 ni John Thomas Smith ti kọ nípa ẹ̀ fún àwọn tó ń kun àwòrán, kò tíì sẹ́ni tó ń ya fọ́tò nígbà yẹn. Ó wúlò o, àmọ́ ibi téèyàn kọjú sí ló yẹ kí àyè wà. Tó bá ń wo ọ̀tún, gbé e sí òsì.

AyaFótòTuntun
Háà, ẹ ṣeun gan-an! Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ etí fọ́tò yẹn fún mi rí. Àwọn ọmọdé tí kì í dúró jẹ́ẹ́ wá ńkọ́?

OjúInú
Kúnlẹ̀ kí kámẹ́rà wà ní ọ̀gangan ojú wọn, tó o bá nàró, àtàrí wọn àti ilẹ̀ lo máa yà. Má lé wọn kiri. Wá ibi tí ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́, tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ń ti ẹ̀gbẹ́ wọlé, to fọ́tò ẹ sílẹ̀ dè wọ́n, kó o wá gbé eré wọn lọ síbẹ̀. Tí wọ́n bá ti wọbẹ̀, máa tẹ̀ ẹ́ léraléra, wàá mú èyí tó dáa jù tó bá yá.