“Ìdínà-ìtọ̀” kọ́: ọ̀nà tó há ni, kì í ṣe èyí tó dí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò lè gba “ìdínà-ìtọ̀” tí ẹ ṣẹ̀dá fún àìsàn tí àpá fi máa ń fún ojú-ọ̀nà ìtọ̀ àwọn àgbà ọkùnrin pọ̀. Dí yẹn ni mo ń bá jà. Ohun tó bá dí, nǹkan kan kì í gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ há ṣì ń tọ̀, àmọ́ tín-ín-rín ló ń jáde, ó lè pín sí méjì, á sì máa kán lẹ́yìn tó ti rò pé òun parí. Ọjọ́ tó bá dí gan-an, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì nìyẹn: abẹ́ ìdodo la ó gún ki rọ́bà tí ìtọ̀ á gbà jáde bọ àpò ìtọ̀. Àwọn àgbà tó tú Bíbélì mọ ìyàtọ̀ yìí kí wọ́n tó kọ “ẹnu-ọ̀nà híhá” ní Mátíù orí 7.

Ẹ ní orúkọ lásán ni. Rárá o. Ohun tó bá dí, lílà là ń là á, ìdí nìyẹn tí ẹ fi pe iṣẹ́ abẹ tí a fi ń tọ́jú rẹ̀ ní “ìlànà-ìtọ̀”. Yàtọ̀ sí pé ìlànà ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ lédè wa, lílà nìkan kì í sábà tó. Ó lè ṣiṣẹ́ bí ibi tó há kò bá ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, tí a kò sì tíì là á rí. Bí a bá ń là á lálàtúnlà, ọgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á di àpá, ọ̀nà á sì há ju ti tẹ́lẹ̀.

Títún un mọ ni iṣẹ́ tí ẹ ń wá orúkọ fún. Mọ olóhùn àárín, bí a ṣe ń mọ ìkòkò: ìtúnmọ ojú-ọ̀nà ìtọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ ní “ìtumọ̀”. Bí àpá bá kúrú, tó sì wà lẹ́yìn ẹpọ̀n, a ó gé e dànù, a ó rán orí méjèèjì pọ̀ láìfà á le. Bí a bá fà á le, ojú rírán lè já. Bí ó bá gùn, awọ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ la ó bó, kí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2, a ó ha ọ̀rá ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, a ó sì fi ṣe àbùlẹ̀. Awọ yìí kì í hu irun, ọ̀rinrin kì í sì í bà á jẹ́. Rọ́bà á wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, a ó sì ya fọ́tò X-ray láti rí i pé ojú rírán kò jò kí a tó yọ rọ́bà náà.

Ẹni tó kọ “ojú-ọ̀nà itọ́” ńkọ́? Nínú iṣẹ́ abẹ yìí, ọ̀nà méjèèjì là ń bá pàdé: ihò itọ́ wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní ọ̀kánkán eyín èrìgì òkè kejì, a kò sì gbọ́dọ̀ gé e. Ẹni tí kò bá fi àmì ohùn sí i ti da ẹnu pọ̀ mọ́ okó.

Fún arúgbó tí ara rẹ̀ kò le, a lè ṣí ẹnu ọ̀nà sẹ́yìn ẹpọ̀n. Á máa jókòó tọ̀ títí ayé ni. Kí a sọ fún un ṣáájú.

Ní ti àbúrò tó ní “ìlọ́” ló yẹ dípò “àbùlẹ̀”, bí igi tí a lọ́: ẹ̀ka tí a lọ́ ń ru ewé tirẹ̀. Awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀: orí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn dáadáa là ń tẹ́ ẹ lé, a sì ń rán etí rẹ̀ yíká. N kò tíì gbà.