Tiger mi ti dà bí ìdí ìkòkò, ṣé ó ṣì ní àtúnṣe?

Akin_Manchester:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Mo ra táńkì Tiger ti Tamiya, ike tá a máa ń tò pọ̀ fúnra wa, èyí tó jẹ́ 1/35 (táńkì gidi tóbi jù ú lọ lọ́nà 35), mo fẹ́ kó jọ Tiger 131, táńkì gidi tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Bovington, èyí táwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn Jámánì ní Tùnísíà lóṣù kẹrin ọdún 1943. Èmi àtàwọn ọmọ lọ wò ó lọ́dún tó kọjá, látìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò ti kúrò lọ́kàn mi. Títò ó pọ̀ ò le rárá, ọ̀sẹ̀ méjì péré. XF-60, ọ̀dà Tamiya aláwọ̀ ìyeyè tó ṣú, ni mo fi kùn ún, mo fi airbrush fọ́n ọn, kò ṣàn, kò ta, ó mọ́ lóló. Mi ò bá ti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀!

Ní Sátidé ni mo ní kí n sọ ọ́ di ohun tó ti jagun. Mo po wash dúdú (ọ̀dà tó ṣàn bí omi) pẹ̀lú white spirit, epo tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, mo dà á lé gbogbo ara ẹ̀ bí ẹni ń da epo sórí ẹ̀wà, mo gé fóòmù, mo fi ń tẹ ọ̀dà sí i káàkiri kó lè dà bí ibi tí ọ̀dà ti hó, mo tún wá fi páúdà aláwọ̀ ọsàn ṣe ibi tó ti dógùn-ún. Alẹ́ kan ṣoṣo ni mo ṣe gbogbo ẹ̀ o. Nígbà tílẹ̀ mọ́ ìyàwó mi wò ó, ó ní "ta ló sun eléyìí?" Ibi tọ́rọ̀ wá le sí ni pé ọ̀kan nínú àwọn apá tó gbé táyà dúró já fúnra ẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án o, mo kàn gbọ́ "káá" lórí tábìlì. Ṣé kí n bó gbogbo ọ̀dà ẹ̀ ni àbí kí n ṣe báwo?

Baba_Pensu:
Àbúrò, má bó nǹkan kan. O kàn sáré jù ni.

Kọ́kọ́ bi ara ẹ, ìgbà wo ni 131 fi wà ní Tùnísíà? Ẹgbẹ́ ogun 504 ló ni ín, oṣù kẹta 1943 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé bẹ̀, oṣù kẹrin wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ wọn. Kò tíì pé oṣù méjì! Irin wo ló máa dógùn-ún dé ibi tó o kùn ún dé yẹn láàárín oṣù méjì, tòun ti ọ̀dà lára? Eruku ló yẹ kó o máa rò. Àwọn Jámánì gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀, wo ẹ̀yìn Tiger ẹ, agolo tó wà níbẹ̀ tó ní páìpù gbọọrọ yẹn, Feifel ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì. O ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn fúnra ẹ, o ò wá bi í léèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

Èkejì ni ìwọ̀n. Mo sún fọ́tò ẹ mọ́ra, ibi tó o fi fóòmù tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn á fẹ̀ tó mìlímítà méjì. Sọ ọ́ lọ́nà 35, sẹ̀ǹtímítà méje ni lára táńkì gidi, ó kù díẹ̀ kó tó àtẹ́lẹwọ́, o sì tẹ irú ẹ̀ bí igba. Ta ló ń fi òòlù gbá táńkì yẹn káàkiri? Ibi tí ọ̀dà ti máa ń hó ni ibi tí èèyàn ti ń gùn ún, etí ìdérí tí wọ́n ń gbà wọlé, ibi tí awakọ̀ ń gbẹ́sẹ̀ lé, etí páànù tó bo ṣéènì. Òun náà, ṣóńṣó búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni kó o fi tọ́ ọ, má fi fóòmù ṣe é mọ́.

Tó bá ń wù ẹ́ kó dógùn-ún ṣá, lọ sídìí sàlẹ́ńsà méjèèjì tó wà lẹ́yìn, iná máa ń jó ọ̀dà ibẹ̀ kúrò. Ṣéènì ẹsẹ̀ ẹ̀ ńkọ́? Kùn ún ní búráùn tó ṣú, tó bá gbẹ tán kó o fi pẹ́ńsù 2B ra ibi tó ń kan ilẹ̀ nìkan, á máa dán bí irin tí ọ̀nà ti bó. Mi ò mọ ohun tó dà bíi pẹ́ńsù nínú iṣẹ́ yìí, àwọn tó ń ta ọ̀dà ò kàn ní sọ fún yín ni.

Titi_Leeds:
Ẹ̀gbọ́n Akin ẹ pẹ̀lẹ́. White spirit ló já apá yẹn o. Tí ike bá ti ń fún ara ẹ̀ mọ́ ihò (mo mọ̀ pé tipátipá lẹ fi kì í bọ̀ ọ́, gbogbo wa la ń ṣe é), tẹ́ ẹ bá wá jẹ́ kí white spirit rogún sídìí ẹ̀, ṣe ló máa gan, á ṣẹ́ bíi bisikíìtì. Tèmi tó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, táyà mẹ́ta ló bọ́ lọ́jọ́ kan náà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ẹ ò sọ bóyá ẹ fi fáníìṣì tó ń dán bò ó kẹ́ ẹ tó fi wash, ó jọ pé ẹ ò ṣe bẹ́ẹ̀, torí ọ̀dà tí ò dán máa ń mu wash bí ìgbà tómi bá kán sórí aṣọ ni, ìdí ẹ̀ rèé tí gbogbo ẹ̀ fi dúdú. Ara tó ń dán ni wash ti máa ń sá lọ sínú kòrò fúnra ẹ̀, ẹ kàn máa fi ṣóńṣó búrọ́ọ̀ṣì kán an sídìí nọ́ọ̀tì àti ojú ìsopọ̀, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ fi wẹ̀ ẹ́. Lọ́wọ́ báyìí, ẹ mú òwú tí wọ́n fi ń nu etí, ẹ tì í bọ white spirit díẹ̀, ẹ fún un kó má kán, kẹ́ ẹ wá máa fà á láti òkè wá sísàlẹ̀, ojú kan náà ni kẹ́ ẹ máa fà á sí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ á ṣí torí enamel ni, ìyẹn ọ̀dà tí white spirit máa ń tú, XF-60 tó wà nísàlẹ̀ ò ní bá a lọ, èyí tó bá kù á dà bí ipa omi òjò. Àwọn tẹ́ ẹ fi fóòmù tẹ̀ ni ò ní ṣí, ẹ po XF-60 mọ́ XF-57 (aláwọ̀ iyanrìn) díẹ̀ kẹ́ ẹ fi bò wọ́n.

Kunle1_72:
Bàbá, ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ẹ máa ń mú nǹkan yìí le jù. Kì í ṣe ẹjọ́ la fẹ́ fi ṣe. Tèmi máa ń dógùn-ún torí ó ń wù mí lójú, kò sí ará Tùnísíà tó wá bi mí.

Baba_Pensu:
Kúnlé, tìẹ jẹ́ tìẹ. Akin ló ní 131 lòun fẹ́, 131 sì wà níbẹ̀ téèyàn lè lọ wò.

OmoIbadan_Choki:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti eruku torí kò sẹ́ni tó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, yẹ̀ẹ̀pẹ̀ gidi ni mo lọ bù lẹ́yìnkùlé, mo fi asẹ́ èlùbọ́ sẹ́ ẹ, mo fọ́n ọn sí i. Òkúta ló dà o! Hóró kan tí ò ju ìdajì mìlímítà lọ, sọ ọ́ lọ́nà 35, ó tó òkúta téèyàn lè jù lu ewúrẹ́. Látìgbà yẹn ṣọ́ọ̀kì ni mo ń lò, ti ayàwòrán tó rọ̀, kì í ṣe ti ojú pátákó. Mo máa ń fi abẹ há a sínú abọ́, aláwọ̀ iyanrìn, eérú àti búráùn díẹ̀, mo máa pò wọ́n pọ̀, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ sí àárín táyà àti abẹ́ páànù, tó o bá dé òkè kó o dín in kù. Ẹ má fi fáníìṣì fọ́n ọn lẹ́yìn náà o, ṣe ni gbogbo eruku yẹn máa pòórá lójú yín báyìí, á ku bí ẹni tí ò ṣe nǹkan kan.

Akin_Manchester:
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti fi òwú fa ẹ̀gbẹ́ òsì lálẹ́ àná, wákàtí méjì gbáko, òwú tí mo lò á tó ogójì, ó ṣí lóòótọ́! Fọ́tò ẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹ wo bó ṣe yàtọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tí mi ò tíì kàn. Apá tó já yẹn, mo ti fi gúlùú mọ́ ọn, ó wọ́ díẹ̀ ṣùgbọ́n táyà Tiger gun ara wọn lórí bí ìpẹ́ ẹja, èyí tó wà níwájú ti bò ó, ẹ ò lè rí i.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ọta tó mú 131 yẹn, wọ́n ní abẹ́ ìbọn ẹ̀ ló kọ́kọ́ bà kó tó ta wọ ìdí orí ẹ̀ tó ń yí, ni orí bá há, àwọn tó wà nínú ẹ̀ bá sá. Mo fẹ́ ṣe àpá yẹn. Ṣé kí n fi abẹ gbẹ́ ẹ ni àbí kí n gbé ìrin gbígbóná sí i? Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ gbígbóná ń bà mí, mo ti rí ohun tí mo fi white spirit ṣe.

Baba_Pensu:
Abẹ, àbúrò. Jọ̀ọ́, abẹ ni o.